Béèrè ìwé ilé kó o tó ra aṣọ òtútù

Àbúrò mi ará Mọ́rẹ̀ n'Ífẹ̀, o ní ilé àwọn arúgbó kan ní Berlin ti gbà ọ́ fún iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ọlọ́dún kan, èyí tí wọ́n ń pè ní FSJ, o sì fẹ́ mọ irú aṣọ tó o máa dì àti bí ìlú náà ṣe máa ń rí lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ kí n tó padà sí Iléṣà. Ti físà, ìwọ náà mọ ìyẹn: lẹ́tà iṣẹ́, páásípọ́ọ̀tù, kó o gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Má fún ajẹ́ńtì kankan lówó. Ibi tó ta mí lára ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé ilé ni. Òfin Jámánì ní kí ẹni tó bá kó dé ilé tuntun lọ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ kó o tó lè forúkọ sílẹ̀, o gbọ́dọ̀ mú ìwé kan dání tí ẹni tó fún ọ ní ilé fọwọ́ sí, pé lóòótọ́ lo ń gbé ibẹ̀. Wohnungsgeberbestätigung lorúkọ rẹ̀. Dà á kọ bó ṣe wà. Ìwé àdéhùn owó ilé nìkan kò tó. Obìnrin tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀, kò fọwọ́ sí i, torí òun fúnra rẹ̀ háyà ilé náà ni, onílé gan-an ò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ti gba owó mi ná. Bí mi ò ṣe rí orúkọ fi sílẹ̀, nọ́ńbà owó orí ò jáde, báńkì tí mo lọ ò gbà mí, owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún wa lóṣooṣù ò ríbi wọlé. Gààrí ni mo ń mu nílùú òyìnbó.

Akọ̀wé tí mo bá ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí n lọ gba ọjọ́. Mo ní ọjọ́ tó yá jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tófin fún mi. Ó tún ní kí n lọ gba ọjọ́. Àwọn ló ṣòfin, àwọn náà ni ò jẹ́ kéèyàn ríbi pa á mọ́! Nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ wá fún mi ní yàrá míì, tó sì fọwọ́ síwèé, mo lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè, títí wọ́n fi fún mi ní àyè ẹnì kan tí kò wá.

O rò pé ó tán? Inú lẹ́tà ni nọ́ńbà owó orí ń bá wá. Orúkọ ara àpótí lẹ́tà ni amúlẹ́tà ń wò, torí ilé tí mo wà ò ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀, wọ́n dá lẹ́tà padà. Ọjọ́ tó o bá dé gan-an ni kó o lẹ orúkọ rẹ mọ́ àpótí, ì báà jẹ́ bébà àti sẹ́lótéèpù. Gbogbo àwọn ọ̀mọ̀ràn YouTube tó ń ya yìnyín ní fídíò, kò sí èyí tó sọ ìyẹn fún mi.

Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Kò ní géètì, wàá rò pé ọ̀fẹ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà, tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kó o tó wọlé. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè múra bí èrò lásán, 60 yúrò sì ni owó ìtanràn. "Àlejò ni mí" ò ràn wọ́n. Bákan náà, ibi iṣẹ́ rẹ ló ń san owó ìbánigbófò ìlera. Ẹni tó bá ní kó o wá san án, olè ni.

O béèrè bó ṣe máa ń rí. Ó pa rọ́rọ́. Èmi tí mo dàgbà sí Ìṣọ̀kùn n'Iléṣà, mo wọ ọkọ̀, mo kí gbogbo èrò, wọ́n kàn ń wò mí ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù tì pa, àfi díẹ̀ nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá. Níbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan, ó rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi, ló bá ń bá mi wá a nílẹ̀. Ìyá yẹn ló kọ́ mi lédè wọn ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ 25 tí wọ́n fi dandan lé fún wa lọ.

Aṣọ, ẹ̀n-ẹ́n. Súwẹ́tà kan fún ọjọ́ tó o bá balẹ̀ ti tó. Òkìrìkà tiwọn níbẹ̀ ló ní aṣọ òtútù gidi, kò sì wọ́n. Bàtà tómi ò lè wọ̀ ni kó o náwó lé. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ aago wọn àti ti Ifẹ̀ dọ́gba nígbà yẹn. Tó o bá pe ìyá rẹ pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò ní kí ló ń ṣe ọ́. Má di pọ̀nmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Di èlùbọ́. Tó bá tán, àwọn ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú wà ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, àmọ́ owó rẹ̀ máa dùn ọ́.