Iye aláìsàn tó yẹ kó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan

Ẹ béèrè bóyá òfin tó ń fi gbèdéke lé iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè tọ́jú ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, tàbí orí ìwé lásán ló wà. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí níbi tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, mo sì ti ṣe é ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí ó ti wà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ wà.

Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo wà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Lóru ọjọ́ kan, aláìsàn mọ́kànlá ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún lọ́sàn-án. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Aago méjì ló yẹ kí n padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń bì, ẹnìkan ṣubú lọ́nà ilé ìtọ̀, omi tí a ń fà sí ẹlòmíràn lára sì ti tán. Ó kọjá aago mẹ́rin kí n tó rí i. Kò pariwo, kò tẹ aago. Irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló dì mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, òógùn ti bò ó, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ikùn rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, orí sì kó o yọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kọ àlàyé ìdí tí n kò fi tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti béèrè iye aláìsàn tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìwádìí tí Linda Aiken, olùwádìí nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2002, lórí àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí aláìsàn kan ṣe ń kún ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni ewu kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ kú láàárín 30 ọjọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ga sí i. Mo mọ ibi tí ikú náà ń gbà wọlé: àárín aago méjì sí mẹ́rin ni.

Ọdún 1999 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin California, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004. Ní wọ́ọ̀dù bíi tiwa, aláìsàn 6 ni wọ́n kọ́kọ́ fàyè gbà fún nọ́ọ̀sì kan, ó sì di 5 ní ọdún 2005. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe, 2 ni. Gbólóhùn tí mo ń wí ni “ní gbogbo ìgbà”. Wọn kò gbọdọ̀ ṣírò gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pọ̀ kí wọ́n wá pín in dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ nítorí pé ẹnìkan lọ jẹun. Lóru àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí kò ní aláìsàn kankan lọ́wọ́ wá gba márààrún lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jẹun. Mo jókòó ti oúnjẹ náà, n kò lè jẹ ẹ́, torí etí mi ṣì wà lọ́dọ̀ aago wọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà àbùjá kò ṣàì sí. Mo rí i tí wọ́n dín àwọn olùrànlọ́wọ́ kù, tí títẹ́ ibùsùn àti gbígbé oúnjẹ fi di tiwa. Mo sì rí àwọn ọ̀gá tó sọ 5 di iye tó gbọ́dọ̀ pé, bẹ́ẹ̀ òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí àìsàn bá ti wúwo, kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì kún un. Aláìsàn márùn-ún tí méjì nínú wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà, tí wọ́n ń fa ọ̀pá omi yọ lára, iṣẹ́ wọn ju ti mẹ́jọ lọ. Ní Queensland, ìpínlẹ̀ kan ní Australia, òfin ọdún 2016 fàyè gba aláìsàn 4 fún nọ́ọ̀sì kan lójúmọmọ àti 7 lóru ní àwọn wọ́ọ̀dù kan. Ti òru yẹn ń kọ mí lóminú, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í sùn.

Bí wọ́n bá gbé àbá òfin wá síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti sọ ẹni tí yóò dúró nígbà tí nọ́ọ̀sì bá lọ jẹun. Ní tèmi, láti ọjọ́ ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, n kì í fọwọ́ kan aláìsàn kankan láìkọ iye tí mo gbà àti aago tí mo gbà wọ́n sílẹ̀, kí n sì fún nọ́ọ̀sì àgbà ní ẹ̀dà kan.