Aláǹtakùn kọ́ ló tọ̀ sí ọmọ yín lára

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì: pé Kẹ́hìndé jí láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ìlà pupa gbọọrọ lọ́rùn, pé ó ti ń lé ròrò, pé ìyá ọkọ yín ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára, àti pé ẹ ń wá oògùn tí ẹ máa fọ́n sí ògiri kí gbogbo aláǹtakùn ilé lè kú tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ́n nǹkan kan. Kòkòrò tín-ń-rín kan tí èèyàn gbá mọ́ ara lálẹ́ ló ń fa irú ìlà yẹn, kì í ṣe aláǹtakùn. Ohun tí wọ́n sọ fún yín ni wọ́n sọ fún èmi náà, mo sì gbà á gbọ́ fún odidi ọdún kan.

Ìbàfò là ń gbé nígbà náà, ilẹ̀ àkùrọ̀ ló yí ilé wa ká. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, aṣọ Iléyá pọ̀ lọ́wọ́ mi, ni mo bá so gílóòbù funfun ńlá kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè máa rán aṣọ wọ òru. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan kan rìn mí lọ́rùn. Mo gbá a, mo fi ọwọ́ nù ún, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Kò ta mí, kò jẹ mí. Ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ọrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bíi pé omi gbígbóná dà sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti di ìlà gígùn, ó lé ròrò, àárín rẹ̀ funfun bí ọyún. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìgbọ̀nwọ́ mi: ojú egbò méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí mo bá ká apá, wọ́n á bá ara wọn mu rẹ́gí.

Àǹtí ọkọ mi ní aláǹtakùn ni. A fi ìgbálẹ̀ pa gbogbo aláǹtakùn pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, a ṣí bébà funfun roboto tí wọ́n ń yé ẹyin sí kúrò (ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n á rántí, òun la máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá). Láàárín oṣù méjì, aáyán gba ilé ìdáná mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí àwọn tí ń jẹ ọmọ wọn la ti pa tán. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ohun kan náà tún dé, ojú àbíkẹ́yìn mi ló bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ojú náà wú, ó pọ́n, kò lè là á. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn ò béèrè aláǹtakùn kankan. Ó ní, "Ìyá, kòkòrò wo lẹ gbá sára lálẹ́?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé bàsíà omi ọṣẹ sábẹ́ gílóòbù, mo jókòó tì í. Èsúnsún ló kọ́kọ́ dà lulẹ̀, ìyẹn ò ní ibi kankan nínú. Nígbà tó ṣe, nǹkan tín-ń-rín kan ń sáré lórí sìmẹ́ńtì. Mo fi ife gíláàsì dé e, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ, bíi mìlímítà 7 sí 10. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa bí epo, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ aró tó ń dán, ikùn rẹ̀ tún pupa, ìdí rẹ̀ dúdú. Èèpo ìyẹ́ rẹ̀ dà bí bùbá tó kúrú jù, tí kò bo ikùn; abẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́ ìyẹ́ gidi sí bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí. Nígbà tí mo fi igi ìṣáná tọ́ ọ, ó gbé ìdí sókè bí àkekèé. Ẹni tó bá wò ó fìrí á ní èèrà ni. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹ́fà ni. Ti aláǹtakùn jẹ́ mẹ́jọ.

Paederus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní Kẹ́ńyà, eṣinṣin Nairobi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kì í ta èèyàn, kì í jẹ èèyàn. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oró wà, àfi tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ mọ́ ara kó tó jáde. Ọwọ́ wa la fi ń fa ìlà yẹn gbọọrọ, ọwọ́ yẹn náà la sì fi ń gbé e lọ sójú.

Àkókò ni mo fi ń dá a mọ̀ báyìí. Bí tanpẹ́pẹ́ bá jẹ èèyàn, lójú ẹsẹ̀ lèèyàn á pariwo. Ìjàlọ kì í dá wá. Ojú ìdun máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń yún ju kó jó lọ. Èyí tí kò dun èèyàn lálẹ́, tó wá ń jó o lọ́jọ́ kejì, tó sì fa ìlà, òun nìyẹn.

Tí ẹ bá rí i lára ẹnikẹ́ni, ẹ má gbá a. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ dànù, tàbí kí ẹ fi bébà gbé e. Tó bá ti fọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ibẹ̀ kíá, kí ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú. Ní ti ọrùn Kẹ́hìndé, aṣọ tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa gbé lé e, ẹ má bẹ́ ẹ, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, kẹrosín tàbí ìpara aláta kàn án. Tèmi lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbẹ, àpá dúdú rẹ̀ sì pẹ́ kó tó lọ. Tó bá ń tàn kálẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń fà á wá, nítorí náà mo pààrọ̀ gílóòbù funfun yẹn sí oníyẹ́lò, mo gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, mo kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, mo sì ń gbọn aṣọ ìnura kí n tó nu ara. Mi ò fọ́n oògùn sí ọgbà, torí kòkòrò yìí kan náà ló ń jẹ àwọn wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé ẹ̀fọ́ mi.

Ẹ ní orí ìrọ̀rí kan ni Táyé àti Kẹ́hìndé jọ ń sùn. Ẹ bá mi fọ aṣọ ìrọ̀rí yẹn lónìí, kí ẹ sì yẹ ojú Táyé wò dáadáa. Tó bá pọ́n, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la.