Gíláàsì nínú aṣálẹ̀: ìta ni kẹ́ ẹ ti dá oòrùn dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Phoenix ní Arizona là ń gbé. Ìwọ̀ oòrùn ni ilẹ̀kùn gíláàsì pálọ̀ wa kọjú sí. Tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, inú ilé á gbóná bí ààrò, bẹ́ẹ̀ kọ́tìnnì wa nípọn. Mo rí àwòrán ilé Kaufmann ní Palm Springs, ìlú inú aṣálẹ̀ ní California, gíláàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ooru o. Mo fẹ́ràn ilé yẹn gan-an. Richard Neutra, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Vienna, ló ya á fún Edgar Kaufmann, oníṣòwò ará Pittsburgh, ní 1946. Ìgbà òtútù ni Kaufmann fẹ́ máa wá síbẹ̀. Kì í ṣe oṣù keje, tí ooru Palm Springs máa ń kọjá 40°C.

Síbẹ̀, Neutra ò fi oòrùn ṣeré. Ó jẹ́ kí òrùlé yọ síta kọjá gíláàsì kó lè ṣíji bò ó. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ni àwọn pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tó tò síta. Ṣé ẹ rántí fèrèsé lúfà ilé àwọn òbí wa? Ká gbé e nàró, kó ga ju èèyàn lọ, kó sì ṣeé yí. Tí wọ́n bá yí i, oòrùn àti iyanrìn inú ìjì ò ní ráyè wọlé.

Ibẹ̀ ni kọ́tìnnì yín ti pẹ́ jù. Kí oòrùn tó kàn án, ó ti gba inú gíláàsì kọjá. Kọ́tìnnì fúnra rẹ̀ á gbóná, á wá máa tú ooru náà sí pálọ̀. Etí òrùlé nìkan ò sì lè gbà yín, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti rẹlẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Apá gúúsù ló ti wúlò, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń ga nígbà ooru.

Ìta ni kẹ́ ẹ gbé ìbòòji sí: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n tò nàró, tàbí aṣọ tí ẹ lè fà sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti gíláàsì, kí ooru lè rí ibi gbà jáde lókè. Bí ilẹ̀ bá wà, ẹ gbin igi mesquite síwájú rẹ̀. Ó ń fara da ọ̀dá. Bí àdúgbò yín bá ní HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan sára ògiri.