Ọmọ mi kò ga: ṣé thyroid rẹ̀ dára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì ilé kejì ti fẹ́ ga jù ú lọ. Dókítà fura sí jíìnì kan tó ń jẹ́ POU1F1. Èsì TSH rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún thyroid, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, ò sì fi àléébù hàn. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀ lórí thyroid? — Ìyá ọmọ, Ìta-Ẹ̀kọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Rárá, ìyá wa, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà gan-an nìyí.

Orí kúrómósómù kẹta ni jíìnì yìí wà. Purotéènì tó ń ti ara rẹ̀ wá máa ń lẹ̀ mọ́ DNA nínú ẹṣẹ́ pituitary, nísàlẹ̀ ọpọlọ, á sì jí jíìnì họ́mónù mẹ́ta sí iṣẹ́: ti ìdàgbàsókè, ti prolactin tó ń mú omi ọyàn wá, àti ti TSH tó ń pàṣẹ fún thyroid. Bó bá bàjẹ́, TSH fúnra rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Báwo ló ṣe fẹ́ lọ sókè, bó ṣe máa ń ṣe bí thyroid fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, láti ta wá lólobó? Ẹ ní kí wọ́n yẹ free T4, họ́mónù tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe, wò. Bó bá lọ sílẹ̀, tí TSH ò sì ga, pituitary ni kí ẹ fura sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kúkurú ni ìran yín.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò họ́mónù thyroid, kí wọ́n yẹ cortisol, họ́mónù tí ara fi ń kojú wàhálà, wò ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. POU1F1 kì í sábà kan cortisol, ṣùgbọ́n jíìnì PROP1, tí àmì tirẹ̀ jọ ọ́, lè kàn án tó bá yá. Bí cortisol bá ti lọ sílẹ̀ tí a ò mọ̀, levothyroxine lè dá ọmọ wó.

Omi lásán ni kó fi lo levothyroxine, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kó tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron àti kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 jìnnà sí i. Alaalẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gún abẹ́rẹ́ họ́mónù ìdàgbàsókè, lábẹ́ awọ itan tàbí ikùn, lójú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n 2 sí 8 °C ni kó wà. Bí iná bá lọ, kúlà lẹ máa lò, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ ya yìnyín ọjà Kútọ̀ sọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ tó bá ti dì, ẹ dà á nù.

Tépù télọ̀ máa ń fà. Tépù kápẹ́ńtà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ wọn ọmọ láìwọ bàtà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ tí kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dún nílò àyẹ̀wò.

Ní ti ọmọ tó ń bọ̀, bí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ bá gbé ẹ̀dà jíìnì tó bàjẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi AS pẹ̀lú AS ló rí: ewu 1 nínú 4 pé ọmọ náà á ní àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyípadà kan wà, bíi R271W, tí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó láti fa àìsàn. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ ìyípadà tó wà lórí èsì àyẹ̀wò jíìnì kí ẹ tó ṣírò.