Èsì: Ìwé tí mo bá kà kì í dúró lórí mi

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ka nóòtì yẹn lákàtúnkà, tó bá di ọjọ́ kejì gbogbo ẹ̀ á ti fò lọ, ẹ wá ń bèèrè oògùn ìsọ̀yè 😂. Àkàtúnkà yẹn gan-an ló ń tàn yín jẹ o, ojú yín ti mọ ìwé yẹn ni, ẹ wá rò pé ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara yín, ibẹ̀ lẹ máa ti rí òótọ́. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, 2006 ni wọ́n gbé e jáde: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló ṣe dáadáa jù, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń dán ara wọn wò ló rántí jù.

Ẹ dáńlóòdù Anki, áàpù káàdì tẹ́ ẹ lè fi dán ara yín wò, ọ̀fẹ́ ni lórí Android (ti iPhone wọ́n jàre), ìbéèrè níwájú káàdì, ìdáhùn lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá mọ ìdáhùn ẹ̀, á pẹ́ kó tó tún gbé káàdì yẹn wá, tẹ́ ẹ bá gbàgbé á tún yọjú kíá. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ ara yín kọ káàdì yín o, ẹ má lọ gba ti ẹlòmíì.