Orin tó yá ju ẹsẹ̀ lọ

ÌBÉÈRÈ: Okun o, Bàbá Kóòṣì. Olùkọ́ ni mí ní Kàbà. Mo máa ń sáré kékeré lójú ọ̀nà Obajana láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Àbúrò mi kó orin oníjó sórí fóònù fún mi, ó ní á jẹ́ kí n túbọ̀ yára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tàn án, n kì í jìnnà tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé kí n pa orin tì ni?

ÌDÁHÙN: Okun o, ọmọ mi. Má pa á tì rárá. Èyí tí wọ́n kó fún ọ ló yá ju ẹsẹ̀ rẹ lọ.

Níbi ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tó ń dá orin kì í dá èyí tí ọwọ́ ọkọ́ ò lè bá. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìje, mo máa ń ní kí ọmọ kan máa lu agogo bí àwọn yòókù ṣe ń yí pápá po. Bí onítọ̀hún bá sáré lu agogo jù níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ìlù ló ń fa ara, ara kì í sì í bi ìlù bóyá òun lè bá a dé ibi tó ń lọ.

Lálẹ́ òní, jókòó, tan orin kọ̀ọ̀kan, fi ìka lu ìlù rẹ̀ sí orúnkún fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po 4; iye ìgbà tó ń lu ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Èyí tó bá tó nǹkan bí 100 ni kí o fi rìn kí ara fi gbóná. Lẹ́yìn náà, mú èyí tó wà láàárín 120 sí 140. Costas Karageorghis, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Brunel nílùú London, ibẹ̀ náà ló fi sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń kanlẹ̀ tó ìgbà 160 ní ìṣẹ́jú kan, orin tó ń lu 80 bá a mu dáadáa: ìgbésẹ̀ méjì sí ìlù kan.

Orin máa ń mú ọkàn kúrò lórí àárẹ̀ nígbà tí eré bá wà níwọ̀n. Bí èèyàn bá ti ń sáré tokuntokun, èémí tirẹ̀ ló máa ń gbọ́, orin ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Lóòótọ́, Haile Gebrselassie ọmọ Etiópíà ní kí wọ́n lu orin tó yá kíkankíkan fún òun ní Birmingham lọ́dún 1998, ó sì sáré 2,000 mítà inú ilé yára ju bí ẹnikẹ́ni láyé ti sá a rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ìlù yẹn tẹ́lẹ̀. Tìrẹ náà á mọ̀ ọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni. Bí o kò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìdúró mí, dẹ eré. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, dúró, kí o lọ rí dókítà.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọ̀nà tí o dárúkọ yẹn. Tírélà sìmẹ́ǹtì kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀, ilẹ̀ ì báà mọ́ tàbí kó má mọ́. Etí kan ṣoṣo ni kí o fi gbọ́ orin, má gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, wọ aṣọ funfun. Bí pápá iléèwé yín bá ṣí láàárọ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o ti máa sáré.