Ẹ má tíì kan pákó yẹn mọ́ ògiri

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti ra pákó aláhọ́n, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà ń pè ní tongue and groove, tí ahọ́n ọ̀kan ń wọ ihò èkejì, àti pé lọ́la ni wọ́n máa kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró ná.

Mo ti ṣe é rí. Inú òjò, oṣù keje, ni mo ra pákó igi afárá ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Pákó tútù ni, ó wúwo lọ́wọ́, ó tutù bí ara ìkòkò omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà la ti gbẹ́ ahọ́n àti ihò sí i, tí a kàn án tán, tí a fi fáníìṣì pa á. Ó ń dán gbinrin. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í fọwọ́ pa á lára.

Ọyẹ́ dé. Lóru, à ń gbọ́ “pà! pà!” lára ògiri. Kí oṣù kìíní tó parí, ahọ́n ti ń yọ kúrò nínú ihò. Ibi tí fáníìṣì ò dé wá funfun tóóró láàárín pákó sí pákó, láti òkè délẹ̀, bí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà. Ó dùn mí wọra.

Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń dín bó bá ń gbẹ, tó sì ń pọ̀ bó bá mumi. Ẹ kọ́kọ́ to pákó yín sínú pálọ̀ yẹn gan-an kó lè gbẹ, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Bó bá tutù bíi tèmi, á tó oṣù mélòó kan kó tó gbẹ. Ẹ pa ahọ́n rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní fáníìṣì kí wọ́n tó kàn án.

Ara ahọ́n ni kí ìṣó gbà, ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, kí pákó tó kàn bò ó. Kápẹ́ńtà tèmi kan etí pákó méjèèjì pa, pákó méjì sì là gbàràgàdà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní igun ògiri pẹ̀lú. Bí òjò bá dé tí pákó ò ráyè fẹ̀ sí, ńṣe ló máa wú jáde.

Ẹ sì ní ògiri yẹn máa ń lómi nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà. Lẹ́yìn náà, igi 2 by 2 tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa ni kí wọ́n kàn mọ́ sìmẹ́ńtì, kí pákó wá lé e. Tààrà ni wọ́n kan tèmi mọ́ ògiri. Lọ́dún kejì, mo fi àtàǹpàkò tẹ pákó kan nísàlẹ̀, ìka mi wọlé. Ikán ti jẹ ẹ́ tán láti ẹ̀yìn, fáníìṣì nìkan ló kù.